Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ọlọ́pàá àlòkù

Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ọlọ́pàá àlòkù ni ọkọ̀ tí ilé-iṣẹ́ ọlọ́pàá ti fi ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan, tí wọ́n wá yọ kúrò lẹ́nu iṣẹ́, tí wọ́n sì tà fún aráàlú. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní èkejì tí ó jọ ọ́ bí ìbejì: ọkọ̀ tí orúkọ àti ìrísí rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é tà fún onílé láti máa fi gbé ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àti láti máa fi ná ọjà. Ohun tí àwọn olùrà máa ń fẹ́ mọ̀ ni èwo nínú àwọn méjèèjì ni ó sàn láti máa wà lójoojúmọ́. Ìdáhùn rẹ̀ dúró lórí ohun méjì tí ojú lásán kò lè rí: ohun tí ilé-iṣẹ́ kì bọ inú ọkọ̀ náà kí ó tó dé ọwọ́ ọlọ́pàá, àti ohun tí ojú ọkọ̀ náà rí lọ́wọ́ ọlọ́pàá kí wọ́n tó tà á. Ní Amẹ́ríkà, àwọn méjèèjì ni olùrà ń rà pọ̀. Ní Nàìjíríà, èkejì nìkan ni ó sábà máa ń rà.

Ọ̀nà tí ó ń gbà dé ọwọ́ aráàlú

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìjọba ìlú àti ti ìpínlẹ̀ kì í sábà lo ọkọ̀ ọlọ́pàá títí yóò fi dẹnu kọlẹ̀. Bí ọjọ́ orí rẹ̀ tàbí iye máìlì tí ó ti rìn bá ti dé gbèdéke, wọn yóò yọ iná orí rẹ̀, rédíò rẹ̀ àti irin tí ó dábùú ẹ̀yìn àga awakọ̀, wọn yóò ṣí àmì ara rẹ̀ kúrò, wọn yóò sì lù ú ní gbàǹjo. Àwọn onítakisí, àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ aládàáni, àwọn ọ̀dọ́ tí owó wọn kò tíì ká ọkọ̀ tuntun àti àwọn àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀lú wà lára àwọn tó ń rà á. Nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà tó fi iṣẹ́ takisí bẹ̀rẹ̀ ayé ní àwọn ìlú bíi Chicago, kì í ṣe díẹ̀ ni ó mọ Ford Crown Victoria bí ẹní mowó.

Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 2007 lórí bí ìjọba àpapọ̀ ṣe ń ra nǹkan àti bí ó ṣe ń ta dúkìá rẹ̀, ìyẹn Public Procurement Act, ni ó là ọ̀nà náà sílẹ̀ ní abala 55 àti 56. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹni tí kò sí lábẹ́ ilé-iṣẹ́ náà dá iye lé dúkìá, kí wọ́n sì jẹ́ kí ìdíje ní gbangba jẹ́ ọ̀nà àkọ́kọ́ tí wọn yóò fi wá olùrà. Iye tí wọ́n dá lé ọkọ̀ kì í ṣe àyẹ̀wò mẹkáníìkì o. Ọjà gbàǹjo kò sì ní ìdápadà, yálà ní Chicago tàbí ní Òṣogbo: bí olùrà bá ti bá ọkọ̀ náà ni yóò ṣe gbé e lọ.

Ford Crown Victoria

Kò sí ọkọ̀ tí a lè fi ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí tó Ford Crown Victoria. Ìlú St. Thomas ní ẹkùn Ontario, ní orílẹ̀-èdè Kánádà, ni Ford ti ń ṣe é, èyí tó kẹ́yìn sì jáde níbẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2011. Ẹ̀yà ti ọlọ́pàá ń jẹ́ Police Interceptor. Mercury Grand Marquis àti Lincoln Town Car jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀: ṣásì kan náà, ẹ́ńjìnì V8 oní lítà 4.6 kan náà, táyà ẹ̀yìn sì ni ẹ́ńjìnì ń yí nínú gbogbo wọn. Láti ọdún 2008 ni Ford kò ti ta Crown Victoria fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní Amẹ́ríkà mọ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ àti ìjọba tó ń ra ọ̀pọ̀ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni ó ń tà á fún. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá ń wá ẹ̀yà aráàlú tó gbẹ̀yìn fi máa ń bọ́ sọ́dọ̀ Grand Marquis.

Ọ̀nà tó dájú jù láti dá ẹ̀yà ọlọ́pàá mọ̀ ni nọ́mbà ṣásì. P71 ni ó máa ń wà láàárín nọ́mbà náà. Láti ọdún 2010 ó di P7B. Àwọ̀ ara ọkọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí, nítorí pé ọ̀pọ̀ ni wọ́n ti tún kùn kí wọ́n tó tà á, àwọn oníṣòwò kan sì máa ń fi ìdérí táyà tó ń dán bo táyà onírin dúdú tí ọlọ́pàá ń lò.

Ìyàtọ̀ tó wà nínú ara àwọn méjèèjì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Sípíríìnì àti ṣọ́ọ̀kì ti ọlọ́pàá le ju ti aráàlú lọ, ó sì ní ẹ̀rọ tí ó ń mú kí ọ́ìlì ẹ́ńjìnì tutù. Ẹ̀rọ tó ń pèsè iná fún bátìrì rẹ̀ tóbi, nítorí iná orí, rédíò àti kọ̀ǹpútà tí yóò máa gbé. Láti ọdún 2004, ẹ́ńjìnì rẹ̀ ní agbára ẹṣin 250, nígbà tí ti aráàlú jẹ́ 224, tàbí 239 bí páìpù èéfín rẹ̀ bá jẹ́ méjì. Aago eré tirẹ̀ kà dé máìlì 140 ní wákàtí kan. Ti aráàlú dúró ní 120.

Ohun tí ó yà wọ́n jù lójú ọ̀nà wà lábẹ́ ọkọ̀, níbi tí ọ̀pá tó ti iwájú wá ti pàdé táyà ẹ̀yìn. Nínú Crown Victoria aráàlú, ọ̀pá yìí sábà máa ń yí ní ìgbà 2.73 kí táyà tó yí ẹ̀ẹ̀kan. Nínú ti ọlọ́pàá, ìgbà 3.27 ni, tàbí 3.55. Èyí ni ó ń jẹ́ kí ọkọ̀ ọlọ́pàá fò bí ẹtu láti ibi ìdúró. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti bọ́ sí ojú pópó, ẹ́ńjìnì rẹ̀ yóò máa yí ju ti aráàlú lọ lórí eré kan náà, epo rẹ̀ yóò máa lọ, ariwo rẹ̀ yóò sì pọ̀ sí i. Ohun tí ó wúlò fún ẹni tó ń lé olè ni ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ ń san owó rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ọdún tí wọ́n ṣe ọkọ̀ náà ṣe pàtàkì ju ẹ̀yà rẹ̀ lọ nígbà mìíràn. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìdílé yìí tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 1996 sí 2001, rọ́bà líle ni wọ́n fi ṣe apá ẹ́ńjìnì tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, omi rediétọ̀ sì ń gba ibẹ̀ kọjá. Ó máa ń sán, omi a sì máa jò. Ford padà fi irin alumíníọ̀mù ṣe iwájú rẹ̀. Ní ọdún 2003, wọ́n tún iwájú ṣásì ṣe, wọ́n sì pààrọ̀ irú ẹ̀rọ tó ń yí táyà iwájú, ọwọ́ ọkọ̀ náà sì dúró dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ènìyàn bá ní àǹfààní láti yàn, kò yẹ kí ó lọ sẹ́yìn ju 2003 lọ, ìbáà jẹ́ ti ọlọ́pàá tàbí ti aráàlú.

Wákàtí tí òǹka máìlì kò kà

Eré sísá ni fíìmù fi ń hàn wá gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọkọ̀ ọlọ́pàá. Ní tòótọ́, ìdúró ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Ọlọ́pàá a dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì láti kọ ìwé ìtanràn, a dúró ti ìjàǹbá títí ọkọ̀ tí yóò wọ́ èyí tó bàjẹ́ yóò fi dé, a jókòó sí kọ̀rọ̀ kan fún odidi òru. Ní gbogbo àkókò yìí kì í pa ẹ́ńjìnì, nítorí pé iná, rédíò, kọ̀ǹpútà àti éèsì yóò fa bátìrì gbẹ bí ó bá pa á. Òǹka máìlì kò mọ̀ nípa rẹ̀ rárá. Táyà kò yí, nítorí náà kò sí ohun tí yóò kà.

Ford fúnra rẹ̀ fi iye kan lé e: wákàtí kan tí ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ọlọ́pàá fi ṣiṣẹ́ lórí ìdúró dà bí ìrìn máìlì 33, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 53. Ká ní òǹka ọkọ̀ kan fi máìlì 100,000 hàn, tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ sì ti ṣiṣẹ́ lórí ìdúró fún wákàtí 4,000. Wákàtí wọ̀nyẹn nìkan tó máìlì 132,000. Ẹ́ńjìnì tí olùrà rò pé ó ti rin 100,000 ti rìn tó 232,000.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Bí ẹ́ńjìnì bá ń yí jẹ́jẹ́ lórí ìdúró, agbára tó ń ti ọ́ìlì kiri inú rẹ̀ kì í pọ̀, ọ́ìlì náà sì ń gbó bí ẹni pé ọkọ̀ ń rìn. Atẹ́gùn kì í gba iwájú ọkọ̀ kọjá bí ó ti yẹ, ooru a sì kó jọ sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, níbi tí àwọn rọ́bà àti wáyà wà. Ooru yìí ni í máa gbẹ rọ́bà títí yóò fi sán. Lẹ́yìn ìdúró wákàtí mẹ́ta, ìpè kan a dé, awakọ̀ a sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pátápátá. Kò sí onílé tó ń lo ọkọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé ọ̀rọ̀ yìí lè kọjá owó àtúnṣe. Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, ọlọ́pàá kan kú ní ojú pópó M6 nígbà tí ẹ́ńjìnì dísù ọkọ̀ BMW tó ń wà bàjẹ́ lórí eré, tí ó sì gbiná. BMW sọ pé ọ̀nà tí àwọn ọlọ́pàá ń gbà lo irú ọkọ̀ náà ni ìṣòro ọ̀hún so mọ́, àti pé kò sí ohun tí àwọn aráàlú tó ní irú rẹ̀ ní láti ṣe sí tiwọn. Ẹni tó bá ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí ọlọ́pàá ti lò ó tán yẹ kí ó ronú lórí gbólóhùn yẹn dáadáa, nítorí pé aráàlú ni òun, ṣùgbọ́n ọkọ̀ rẹ̀ kò rí ìlò aráàlú.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ọlọ́pàá Ford tó gbẹ̀yìn ní òǹka wákàtí lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí olùrà bá rí i, kí ó pín iye máìlì sí iye wákàtí tí ẹ́ńjìnì ti ṣiṣẹ́. Máìlì 100,000 tí a pín sí wákàtí 6,250 jẹ́ máìlì 16 ní wákàtí kan: ọkọ̀ tí ó dúró púpọ̀ nìyẹn, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ti àárín ìlú. Bí wákàtí bá jẹ́ 2,500, ó di máìlì 40: ojú pópó ni ó ti lo ayé rẹ̀. Ní èrò òǹkọ̀wé yìí, ìṣirò kékeré yẹn níye lórí ju ohunkóhun tí olùtajà lè sọ lọ.

A kò gbọdọ̀ tìtorí èyí rò pé ẹ̀yà aráàlú kò ní àbùkù. Àwọn àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì ni ó fẹ́ràn Grand Marquis jù, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì máa ń jókòó sí gáréèjì láti Ọjọ́ Ajé títí di Ọjọ́ Àìkú. Ìjókòó náà ń gbẹ rọ́bà. Ní ti ọkọ̀ ọlọ́pàá, wọ́n máa ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ ní àkókò, ìwé àtúnṣe rẹ̀ sì sábà máa ń wà nílẹ̀, nítorí pé ìjọba ní gáréèjì tirẹ̀. Takisí tí wọ́n fi irú ọkọ̀ yìí ṣe, tí ó sì kọjá máìlì 300,000, kì í ṣe ohun ìyàlẹ́nu.

Inú ọkọ̀

Ibí ni ìyàtọ̀ ti máa ń kọ́kọ́ hàn. Rọ́bà ni wọ́n tẹ́ sí ilẹ̀ ọkọ̀ ọlọ́pàá dípò kápẹ́ẹ̀tì, kí ó lè ṣeé fọ̀. Rọ́bà ni àga ẹ̀yìn pẹ̀lú, ìdí rẹ̀ kò sì ṣòro láti mọ̀ fún ẹni tó bá ronú nípa irú èrò tí wọ́n ń gbé síbẹ̀. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lè má ṣeé ṣí láti inú. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọkọ̀ náà gbé ọmọ gbọ́dọ̀ tún èyí ṣe kí ó tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Ẹ̀gbẹ́ àga awakọ̀ máa ń ya, nítorí ìbọn àti àwọn ohun èlò tí ọlọ́pàá ń so mọ́ ìdí. Ihò a máa wà lára dáṣíbọ́ọ̀dù àti òrùlé, níbi tí wọ́n ti yọ nǹkan kúrò.

Ihò kò burú tó wáyà. Àwọn tó ń yọ iná àti rédíò kì í fi sùúrù yọ ọ́. Wọ́n lè gé wáyà kí wọ́n sì fi orí rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Bátìrì tó ń kú lóru láìsí ìdí lè jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Kí rẹwáyà yẹ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù àti ẹ̀yìn ọkọ̀ wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́.

Táńkì epo

Nínú Crown Victoria, ti ọlọ́pàá àti ti aráàlú, ẹ̀yìn irin tó so táyà ẹ̀yìn pọ̀ ni táńkì epo wà. Bí ọkọ̀ mìíràn bá fi eré gbá a láti ẹ̀yìn, táńkì lè lu kí ó sì gbiná. Àwọn ọlọ́pàá Amẹ́ríkà kan kú báyìí, nítorí pé iṣẹ́ wọn ni láti dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì níbi tí ọkọ̀ mìíràn ti ń sáré bọ̀. Ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ààbò ojú pópó parí ìwádìí rẹ̀ ní ọdún 2002 láìpàṣẹ pé kí wọ́n kó ọkọ̀ náà padà, ṣùgbọ́n ní ọdún yẹn ni Ford bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìdáàbòbò sí àyíká táńkì àwọn ọkọ̀ ọlọ́pàá lọ́fẹ̀ẹ́. Láti ọdún 2005, ìlú tó bá fẹ́ lè ra ẹ̀rọ apaná mọ́ ọn. Lórí kókó kan ṣoṣo yìí, ọkọ̀ ọlọ́pàá àlòkù lè fi ààbò ju ìbejì rẹ̀ lọ, bí ìdáàbòbò náà bá ṣì wà lábẹ́ rẹ̀.

Àwọn ọkọ̀ mìíràn

Chevrolet Caprice ni ó bá Ford du ọjà yìí ní ọdún 1990 sí 1996. Ti ọlọ́pàá, tí wọ́n ń pè ní 9C1, lè ní ẹ́ńjìnì lítà 5.7. Impala ọlọ́pàá tó dé lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ ọkọ̀ tí táyà iwájú ń fà, epo rẹ̀ sì dín. Dodge Charger gba ipò lẹ́yìn ọdún 2006. Òfin kan náà ni ó de gbogbo wọn: kí a wádìí wákàtí kí a tó wo máìlì.

Ní Nàìjíríà

Ọ̀rọ̀ náà yí padà láti ìpìlẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Ilé-iṣẹ́ Peugeot tó wà ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní ọdún 1975, Peugeot 504 sì di ọkọ̀ gbogbo ènìyàn: ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ìjọba, olùkọ́ àgbà, awakọ̀ Ìbàdàn sí Èkó, àti ọlọ́pàá. Ó lé ní 400,000 irú rẹ̀ tí wọ́n tò ní Nàìjíríà. Èyí tí ọlọ́pàá ń wà àti èyí tí olùkọ́ ń wà, ẹnu ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà jáde. Ọ̀dà, iná àti rédíò ni ó sọ ọ̀kan di ti ọlọ́pàá. Bákan náà ni ó rí fún Toyota Corolla tí wọ́n fi ṣọ́ Èkó lẹ́yìn náà. Lónìí, Hilux ni ó gba iṣẹ́ náà jù lọ, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sì ti dín kù nínú àgbàlá àgọ́ ọlọ́pàá.

Nítorí náà, ẹni tó ra Corolla ọlọ́pàá ní gbàǹjo kò ra sípíríìnì tó le jù, kò ra ẹ̀rọ tó ń tu ọ́ìlì lára, kò sì ra agbára ẹṣin kankan lé e. Ìyà tí ọkọ̀ náà ti jẹ ni ó rà: ìdúró ní ibi àyẹ̀wò ojú títì, èrò tí ó kún un ju bí ó ti yẹ lọ, kòtò tí wọ́n sáré wọ̀. Ọkọ̀ náà sì lè ti jókòó sínú àgbàlá fún ìgbà pípẹ́ kí ìwé títà rẹ̀ tó jáde, tí koríko hù yí i ká, tí ẹnìkan ti yọ bátìrì rẹ̀, tí ẹlòmíràn sì ti yọ ohun tí ọkọ̀ tirẹ̀ nílò. Iye rẹ̀ gbọ́dọ̀ kéré ju ti aráàlú tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ dáadáa, tó bẹ́ẹ̀ tí owó tó ṣẹ́kù yóò lè tún abẹ́ ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnì ṣe. Bí ìyàtọ̀ iye wọn bá jẹ́ díẹ̀, ti aráàlú ni kí ènìyàn mú.

Ní ti Crown Victoria gan-an, ó lè wu ẹni tó ti rí i lókèèrè láti gbé ọ̀kan wálé. Ní ìwọ̀n tí ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà fi lé ẹ̀yà aráàlú tó gbẹ̀yìn, gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà kan ń gbé e rin máìlì 16 nínú ìlú àti 24 ní ojú pópó, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 7 àti 10 lórí lítà kan. Ti ọlọ́pàá kò lè dé ibẹ̀. Nígbà tí lítà bẹntiróòlù kò tíì tó náírà 200, ènìyàn lè fara da èyí. Lẹ́yìn tí Ààrẹ kéde òpin ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, iye náà fò sókè sí nǹkan bíi 500 láàárín ọjọ́ mélòó kan, ẹni tó ń gbé ní Alajue ní Ẹdẹ tí ó sì ń lọ ṣiṣẹ́ ní Òṣogbo lójoojúmọ́ kò lè máa bọ́ sìlíńdà mẹ́jọ. Ẹ̀yà ara Corolla wà ní Ládípọ̀ àti ní ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì àdúgbò. Ti Crown Victoria, àfi kí a ránṣẹ́.

Àwọ̀, iná àti ìwé

Kò sí ibi tí òfin ti gba aráàlú láyè láti fi ọkọ̀ ṣe bí ẹni pé ọlọ́pàá ni òun. Iná aláwọ̀ búlúù àti sáírìnì gbọ́dọ̀ kúrò, àmì ilé-iṣẹ́ ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ parẹ́, ọ̀dà tuntun ni ó sì dára jù ní Nàìjíríà. Ní Amẹ́ríkà, Crown Victoria funfun lásán kò rú òfin, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń wà á máa ń rí i pé gbogbo ọkọ̀ tó wà níwájú wọn ti dẹ eré.

Ìwé ni ó gba sùúrù jù. Olùrà gbọ́dọ̀ gba lẹ́tà gbàǹjo tí orúkọ rẹ̀ àti nọ́mbà ṣásì wà nínú rẹ̀, àti rìsíìtì owó tí ó san. Kí ó fi ojú ara rẹ̀ bá nọ́mbà inú lẹ́tà náà dọ́gba pẹ̀lú èyí tó wà lára ṣásì àti ti ẹ́ńjìnì. Nọ́mbà ìjọba tó wà níwájú àti lẹ́yìn ọkọ̀ kò bá a lọ sílé. Yóò gba nọ́mbà aládàáni, yóò sì fi orúkọ ara rẹ̀ forúkọ ọkọ̀ náà sílẹ̀. Ẹni tó bá rà á lọ́wọ́ ẹni tó rà á ní gbàǹjo gbọ́dọ̀ gba lẹ́tà àkọ́kọ́ yẹn pẹ̀lú, nítorí pé òun ni ọlọ́pàá ojú títì yóò kọ́kọ́ béèrè bí ó bá rí ihò ibi tí iná wà tẹ́lẹ̀ lórí òrùlé.